Spitfire Mk XII ti ẹgbẹ́ 91 (Nigeria): àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti inú àpótí dé orí pátákó

Bààlúù àwòṣe tí a kọ́ níbí ni Spitfire Mk XII, bààlúù ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (Mk ni wọ́n fi ń sàmì oríṣi rẹ̀), nọ́ńbà EN625, tí lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ DL-K. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 48, nítorí náà láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì kò ju nǹkan díẹ̀ lé ní sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. DL ni lẹ́tà tí ẹgbẹ́ ajagun òfurufú 91 ti RAF, ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ sára ọkọ̀ wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ní kíkún ni 91 (Nigeria) Squadron. Owó tí àwọn ará Nàìjíríà dá nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ló bí orúkọ yẹn. Bí Gold Coast (Ghana òní) ṣe ní ẹgbẹ́ 249, bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà ní 91.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ orúkọ yìí wọ́n sì rò pé ọmọ Nàìjíríà ló wà nínú ọkọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Wales ni Ray Harries tó ṣe olórí wọn ní 1943, ọmọ Faransé sì ni Jean Maridor, awakọ̀ kan nínú wọn. Ọmọ Èkó kan, Peter Thomas, di awakọ̀ òfurufú RAF nígbà ogun náà, ó sì kú ní oṣù Kìíní 1945, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ 91 ló wà, nítorí náà a kò kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí àwòṣe yìí. Ọkọ̀ tirẹ̀ yẹ ní àwòṣe tirẹ̀. Tí a bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ bọlá fún òkú ogun, ohun àkọ́kọ́ tí a jẹ wọ́n ní gbèsè ni pé kí a má ṣe da ìtàn wọn pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí a fi lo àkókò púpọ̀ lórí nọ́ńbà, lórí táyà ìrù àti lórí apá ibi tí abẹ̀bẹ̀ ń yí sí.

Wọ́n dá ẹgbẹ́ 91 sílẹ̀ ní Hawkinge, ní Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1941, láti ara ẹ̀ka 421. Hawkinge kò jìnnà sí òkun rárá. Òdìkejì omi ni Faransé wà. Ní 1943, àwọn bààlúù ogun Fw 190 ti Jámánì ń gba orí omi wá ní ìsàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á ju bọ́ǹbù sí ìlú etíkun, wọ́n á sì sá padà kí ẹnikẹ́ni tó gbéra. Spitfire Mk V kò lè lé wọn bá ní ìsàlẹ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n fi dáhùn ni Mk XII: ẹ́ńjìnnì Griffon tó jẹ́ lítà 36.7 ní ipò Merlin tó jẹ́ lítà 27, pẹ̀lú apá tí wọ́n gé ní ṣóńṣó kí ọkọ̀ lè tètè yí. 100 péré ni wọ́n ṣe. Ẹgbẹ́ méjì ló fi í jagun, 41 àti 91, ti 91 sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1943. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nígbà tí àwọn Fw 190 dé láti wá lu Folkestone, àwọn Mk XII ti 91 gbéra láti Hawkinge, wọ́n sì já mélòó kan nínú wọn lulẹ̀.

KÍ GÚLÙÙ TÓ DÉBẸ̀

Mk XII wà ní oríṣi méjì, ibí sì ni ọ̀pọ̀ àwòṣe ti ń ṣìnà. Àwọn tí nọ́ńbà wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EN ni a kọ́ láti ara Mk Vc, táyà ìrù wọn dúró síta nígbà gbogbo. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MB ni a kọ́ láti ara Mk VIII, táyà ìrù tiwọn ń ká wọlé, ó sì ní ilẹ̀kùn kékeré méjì. EN625 jẹ́ ti àkọ́kọ́. Tí ihò ilẹ̀kùn bá wà ní ìdí ìrù nínú kíìtì (àpótí ẹ̀yà àwòṣe) tí ẹ rà, ẹ gé rọ́bà pẹlẹbẹ tó nípọn mílímítà 0.5, ẹ fi dí ihò náà, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì, kí ẹ tó fi sáńpépà tẹ́jú rẹ̀. Táyà ìrù tó dúró síta ni kí ẹ wá fún un. Ti kíìtì Mk V máa ń bá a mu, ó sì sábà máa ń ṣẹ́kù nínú àpótí ẹni tó ti kọ́ Mk V rí.

Ẹ fọ gbogbo férémù rọ́bà tí àwọn ẹ̀yà so mọ́ nínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbó o, kí ẹ sì ṣàn án. Epo tí ilé iṣẹ́ fi ń jẹ́ kí rọ́bà jáde nínú mọ́ọ̀dù ló ń jẹ́ kí ọ̀dà bó pẹ̀lú téèpù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omi gbígbóná kò dára. Apá tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè ká.

Ohun èlò kò pọ̀: ọ̀bẹ abẹ tí a lè pààrọ̀ ẹnu rẹ̀, ẹ̀mú kékeré, ẹ̀mú ìgé tó ń gé rọ́bà láìfà á ya, sáńpépà 400, 600, 1000 àti 2000, ọwọ́ ìlu (irin tí a fi ń lu ihò) tó jẹ́ mílímítà 0.5, gúlùù Tamiya Extra Thin, gúlùù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, àti Mr. Surfacer 1000, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dí àlàfo kékeré. Pọ́tì àwọn tó ń kun mọ́tò kò bá iṣẹ́ yìí mu. Èérún rẹ̀ tóbi jù, ó máa ń le ju rọ́bà lọ, nítorí náà sáńpépà á máa jẹ rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nígbà tí pọ́tì ṣì ga.

YÀRÁ AWAKỌ̀

Ibi tí ènìyàn jókòó sí ni, a kò sì fi ọwọ́ yẹ̀pẹ̀rẹ̀ mú un bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn tí gíláàsì bá bò ó, díẹ̀ ni ojú á rí.

Àwọ̀ inú rẹ̀ ni ewé tó ṣú díẹ̀ tó sì ní eérú nínú. Ọ̀dà Humbrol 78 bá a mu. Pátákó àwọn aago iwájú dúdú. Ìjókòó kì í ṣe àwọ̀ ewé: a fi páálí àti oje mọ ọ́, ó sì ní àwọ̀ pupa bíi igi òsùn tó ti gbẹ, pẹ̀lú ìrọ̀rí awọ dúdú ní ẹ̀yìn. Bẹ́líìtì Sutton ní okùn mẹ́rin, méjì láti èjìká, méjì láti itan, gbogbo wọn pàdé ní àyà. Tí kíìtì kò bá ní bẹ́líìtì, ẹ gé masking tape sí fífẹ̀ mílímítà 1.2, ẹ kùn ún ní àwọ̀ agbádo gbígbẹ, ẹ fi ṣóńṣó bírò gún ihò ara rẹ̀. Kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ sórí ìjókòó bí aṣọ ṣe ń rọ̀. Bẹ́líìtì tó le gbagidi ló ń tètè fi hàn pé ohun ìṣeré ni.

Ọ̀pá irin kékeré kan wà ní inú ilẹ̀kùn awakọ̀ tó lè fi ya gíláàsì tí ó bá há. Lónìí, nínú àwọn Spitfire tó ṣì ń fò, pupa ni wọ́n kùn ún, gbogbo ènìyàn sì ń kùn ún ní pupa. Nígbà ogun kò rí bẹ́ẹ̀: àwọ̀ inú ọkọ̀ tàbí irin lásán ni. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn àwọ̀ ìpìlẹ̀, a po ọ̀dà olóòróró dúdú àti búráùn mọ́ ọ̀pọ̀ tínà títí tó fi dà bí omi tíì, a jẹ́ kó ṣàn sínú kọ̀rọ̀, a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó ní ọ̀dà fàdákà díẹ̀ kan etí ibi tí bàtà awakọ̀ ti ń họ ilẹ̀. Díẹ̀ péré. Ọkọ̀ tí a ń sọ yìí kò tíì pé oṣù mélòó kan lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀.

Kí ẹ tó pa ara ọkọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ gbé yàrá náà sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìlo gúlùù. Ògiri tó wà lẹ́yìn ìjókòó ló ń ga jù: ọ̀dà tí a kùn sí etí rẹ̀ ti fi kún ìnípọn rẹ̀. Ẹ họ ọ̀dà etí yẹn kúrò títí rọ́bà yóò fi hàn. Gúlùù Tamiya yìí, rọ́bà ló ń yọ́ pọ̀ mọ́ rọ́bà, kò mọ ohun tí yóò fi ọ̀dà ṣe.

IMÚ

Imú ló ya Mk XII sọ́tọ̀. Griffon ga ju Merlin lọ ní orí, nítorí náà ìbòrí ẹ́ńjìnnì ní kókó gígùn méjì, ọ̀kan lórí ọ̀wọ́ sílíńdà kọ̀ọ̀kan, àti kókó kékeré kẹta láàárín tó bo magneto, ẹ̀rọ tó ń dá iná fún ẹ́ńjìnnì. Púpọ̀ nínú kíìtì ló fún wa ní ìbòrí yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀, ibi tó sì ti pàdé ara ọkọ̀ máa ń ní àkàsọ̀ tó tó mílímítà 0.2 tàbí 0.3.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ síbẹ̀ ni pé ẹni tó ń fi sáńpépà tẹ́ àkàsọ̀ náà á tẹ́ kókó pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ lẹ téèpù nípọn méjì sórí kókó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi Mr. Surfacer kun ojú ìpàdé náà ní ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí mẹ́fà láàárín. Lẹ́yìn náà, dípò sáńpépà, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú ọtí ìfọ̀dà nu ún ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Èyí tó wà nínú kòtò á dúró, èyí tó kún á tẹ̀lé òwú, ìrísí kókó kò sì ní bàjẹ́. Ìlà ìbòrí ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́ ìlà gidi lára ọkọ̀, a kò gbọ́dọ̀ dí i pátápátá. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fà á jẹ́jẹ́ padà pẹ̀lú téèpù líle gẹ́gẹ́ bí rúlà.

Sàlẹ́ńsà jẹ́ ẹnu mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lu ẹnu wọn pẹ̀lú ọwọ́ ìlu 0.5, kò gbọ́dọ̀ jìn ju mílímítà 1 lọ. Ẹ má tíì lẹ̀ wọ́n. Ẹ lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ mọ́ inú imú lẹ́yìn ihò wọn, kí ó lè di pé lẹ́yìn tí a bá kùn ọkọ̀ tán, a kàn máa tì wọ́n wọlé láti ìta, wọn kò sì ní já sínú ikùn ọkọ̀.

APÁ

Níbí ni ẹwà Spitfire wà, níbí náà ló sì ti ń bàjẹ́. Apá rẹ̀ ga sókè ní ìwọ̀n 6 digírì. Tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sórí tábìlì tó tẹ́jú, òpin apá ní ìdá kan nínú 48 gbọ́dọ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ ní bíi mílímítà 9 sí 10, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n. Ojú nìkan kò tó. Mílímítà 1 ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì hàn gbangba láti iwájú.

A gbé apá mọ́ ara láìlo gúlùù. Ní ìdí apá lókè, àlàfo kan ṣí sílẹ̀ tó tó mílímítà 0.4 ní ọ̀tún, 0.3 ní òsì. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: ara ọkọ̀ ti há díẹ̀ nígbà tí a pa á pọ̀. Kì í ṣe pọ́tì ni oògùn rẹ̀. Ẹ gé igi férémù rọ́bà kan, ẹ fi gùn inú ara ọkọ̀ ní ìdí apá bí ẹni fi igi gbé ògiri tó fẹ́ wó, kí ó tì í síta. Nínú tiwa, igi tó gùn ju fífẹ̀ inú ọkọ̀ lọ ní mílímítà 0.6 ló ti àlàfo náà pa. Lẹ́yìn náà ni a wá fa téèpù láti òpin apá kan, gba orí ọkọ̀ kọjá, dé òpin ìkejì, títí 6 digírì fi pé, kí a tó jẹ́ kí gúlùù ṣàn sínú ojú ìpàdé. Gúlùù náà á fúnra rẹ̀ sáré lọ. Ẹ má fi ìka di ojú ìpàdé mú, torí gúlùù á gba abẹ́ ìka sáré, á sì ya àmì ìka yín sára rọ́bà títí láé. Wákàtí 24 ni kó fi wà nínú téèpù.

Lábẹ́, níbi tí ẹ̀yìn apá ti pàdé ikùn, apá Spitfire kì í tẹ́jú: ó yí bí ẹ̀yìn igbá. Tí àkàsọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ fi sáńpépà 600 tí ẹ ká mọ́ ìka tàbí mọ́ ọ̀pá bírò tẹ́ ẹ, kì í ṣe sáńpépà tí ẹ lẹ̀ mọ́ pátákó. A fi rọ́bà férémù tó yọ́ nínú gúlùù (gé rọ́bà wẹ́wẹ́ sínú ìgò tó ní gúlùù díẹ̀, dúró di ọjọ́ kejì) dí i. Ó le bíi kíìtì fúnra rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, nítorí náà ìlà tí a bá fà kọjá lórí rẹ̀ kì í fọ́. Ṣùgbọ́n ó ń súnkì: ẹ fi í ga díẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ọjọ́ méjì.

Ṣóńṣó apá Mk XII ti gé. Tí kíìtì bá ní kí a fi ọ̀bẹ gé e, ẹ kọ́kọ́ lẹ téèpù lé ojú ìlà, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí méjìlá dípò kí ẹ fi ayùn rẹ́ ẹ. Iná ọ̀tún jẹ́ àwọ̀ ewé, ti òsì pupa.

Àgbá 20 mílímítà kan wà nínú apá kọ̀ọ̀kan, ìbọn .303 méjì sì wà ní ìta rẹ̀. Ẹnu ìbọn .303 kò hàn. Aṣọ pupa ni wọ́n fi ń bò ó kí ìdọ̀tí àti òtútù òkè má bàa wọ̀ ọ́, ọta àkọ́kọ́ á sì la aṣọ náà kọjá. Flap ẹ̀yìn apá, pátákó tó ń là sísàlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ balẹ̀, a pa á dé. Bí awakọ̀ bá ti balẹ̀ tán ló máa ń ká flap sókè, nítorí náà Spitfire tó dúró nílẹ̀ pẹ̀lú flap tó là sílẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú fọ́tò ogun.

GÍLÁÀSÌ

Gúlùù líle tó ń gbẹ lójú ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ gíláàsì. Èéfín rẹ̀ ń jẹ́ kó funfun bí ẹni mí sí i, kò sì ṣeé nù. Gúlùù funfun ni kí ẹ lò. Ẹ fi téèpù bo ojú gíláàsì, ẹ fi ọ̀bẹ tuntun gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù. Àwọ̀ inú yàrá awakọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ́n sórí férémù, kí àwọ̀ òde tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá wo inú gíláàsì láti òdìkejì á rí àwọ̀ tó tọ́.

Ọ̀DÀ

Àwọ̀ òkè jẹ́ méjì: Ocean Grey, eérú tó ní àrọ́ díẹ̀ nínú, àti Dark Green, ewé tó ṣú. Abẹ́ jẹ́ Medium Sea Grey. Ìbòrí abẹ̀bẹ̀ iwájú, ìgbànú tó yí ìdí ìrù ká àti lẹ́tà ẹ̀gbẹ́ jẹ́ Sky, àwọ̀ kan tí kì í ṣe ewé, tí kì í ṣe búlúù, tó dà bíi inú ewé ẹ̀fọ́ tó ṣá. Nínú ọ̀dà Tamiya, XF-82, XF-81, XF-83 àti XF-21 la lò. Ẹni tó bá ní Humbrol lè lo 106, 163, 165 àti 90.

Ọ̀dà ìdá 1 sí tínà X-20A ìdá 1.5, ẹnu airbrush (ohun èlò tó ń fi afẹ́fẹ́ fọ́n ọ̀dà) mílímítà 0.3, afẹ́fẹ́ 15 psi. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọkanáísà lè ṣiṣẹ́ yìí bí ó bá ní ẹ̀rọ tó ń dín agbára afẹ́fẹ́ kù àti ìgò tó ń gba omi sílẹ̀. Ìgò omi yìí kì í ṣe àṣàyàn fún ẹni tó bá wà ní Èkó ní oṣù Keje. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin tí a bá fún pọ̀ ń di omi, omi náà á tú jáde lójijì láàárín àwọ̀, á sì fi ojú bíi ti ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Ní ọyẹ́ ìṣòro náà yí padà: ọ̀dà ń gbẹ kó tó dé ara ọkọ̀, ojú rẹ̀ á dàbí iyanrìn. Nígbà náà, ẹ fi tínà kún un dé ìdá 2, kí ẹ sì sún airbrush mọ́ ọn dé sẹ̀ǹtímítà 5.

Ètò rẹ̀ ni pé kí ìmọ́lẹ̀ ṣáájú òkùnkùn. Yẹ́lò tó wà ní etí iwájú apá, láti ìta àgbá dé ṣóńṣó, la kọ́kọ́ kùn, lórí funfun, torí yẹ́lò kì í bo rọ́bà eérú. Sky tẹ̀lé e; ìgbànú ìrù jẹ́ ínṣì 18 lójú ayé, mílímítà 9.5 lórí àwòṣe, a sì fi téèpù bò ó. Lẹ́yìn náà Medium Sea Grey lábẹ́, Ocean Grey lórí gbogbo òkè, kí Dark Green tó wá dé. Fún ààlà láàárín eérú àti ewé, a yí amọ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń lẹ páálí mọ́ ògiri bí okùn tó nípọn mílímítà 3, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìlà, a sì fi téèpù kún àárín. Ẹ fọ́n ọ̀dà láti òkè tààrà. Tí ẹ bá fọ́n ọn láti ẹ̀gbẹ́, á wọ abẹ́ okùn amọ̀ náà, ààlà á sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ààlà tó rọ̀ díẹ̀ ni a ń wá, nǹkan bíi mílímítà 0.5.

Ọ̀dà yìí kò dán, sítíkà kò sì fẹ́ ojú tó rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń há sínú ihò kéékèèké tó wà lójú ọ̀dà lábẹ́ sítíkà, ìyẹn ló ń jẹ́ kí etí sítíkà funfun bíi fàdákà. Ẹ fọ́n X-22, fáníìṣì tó ń dán, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tínrín tínrín, ẹ dúró di wákàtí 48.

LẸ́TÀ ÀTI ÀMÌ

A kò rí sítíkà EN625 tó bá ìwọ̀n wa mu, nítorí náà a gé lẹ́tà DL-K fúnra wa láti inú téèpù, a sì fọ́n Sky sínú ihò rẹ̀. Gíga lẹ́tà jẹ́ ínṣì 24, ìyẹn mílímítà 12.7. Nọ́ńbà EN625 dúdú, gíga rẹ̀ ínṣì 8, mílímítà 4.2, ìyẹn kéré jù láti gé, sítíkà nọ́ńbà lásán la fi tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú téèpù tí a lẹ̀ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlà ìkọ̀wé kí wọ́n má bàa fò sókè sódò.

Àmì ìyípo yàtọ̀ ní ibi mẹ́ta, ẹ má ṣe pààrọ̀ wọn. Òkè apá: pupa inú búlúù nìkan, láìsí funfun. Abẹ́ apá: pupa, funfun, búlúù. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀: pupa, funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́, búlúù, yẹ́lò lóde, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 36, ìyẹn mílímítà 19. Àmì ìrù jẹ́ ínṣì 24 níbùú lóròó, ìlà funfun àárín rẹ̀ kò ju ínṣì 2 lọ, pupa sì ni iwájú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹ fi omi Micro Set sábẹ́ sítíkà, kí Micro Sol, omi tó ń jẹ́ kí sítíkà rọ̀, wá sórí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sítíkà á wú, á ká jọ bí awọ ọwọ́ tó pẹ́ nínú omi. Ẹ má fọwọ́ kàn án! Fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ́ wọ inú ìlà ara ọkọ̀. Ẹni tó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní àsìkò yẹn á fà á ya.

ABẸ̀BẸ̀ ÀTI ẸSẸ̀

Abẹ̀bẹ̀ Rotol ti Mk XII ní ewé mẹ́rin, fífẹ̀ rẹ̀ láti òpin dé òpin jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 àti ínṣì 5, mílímítà 66 lórí àwòṣe. Griffon ń yí sí òdìkejì Merlin. Láti ibi ìjókòó awakọ̀, Merlin ń yí sọ́tùn-ún, Griffon sósì. Awakọ̀ tó ti fi ọdún méjì kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti dènà bí Mk V ṣe ń yà sósì nígbà tó bá ń gbéra, Mk XII á gbé e lọ sọ́tùn-ún. Gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ ló gbọ́dọ̀ yí padà, lórí pápá koríko, lábẹ́ ìdágìrì.

Nítorí náà ẹ yẹ abẹ̀bẹ̀ wò dáadáa. Ẹ dojú kọ ọ́ láti iwájú, kí ewé kan nà sókè. Etí tó nípọn tó sì yípo gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún yín, kó sì sún mọ́ yín ju etí tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Tí ó bá wà lọ́wọ́ òsì, abẹ̀bẹ̀ Merlin ni, kò sí ohun tí ọ̀dà lè ṣe sí i. Dúdú ni ewé rẹ̀. Yẹ́lò ínṣì 4, mílímítà 2.1, wà ní òpin kọ̀ọ̀kan.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì là síta. Ẹ gé páálí ní ìrísí igun náà, kí ẹ fi gbé ẹsẹ̀ dúró nígbà tí gúlùù ń gbẹ. Ẹ fi sáńpépà 400 tẹ́ ìsàlẹ̀ táyà ní mílímítà 0.3, kó lè dà bí ohun tó gbé ẹrù. Òpó eriali ẹ̀yìn gíláàsì kò ní okùn tó lọ sí ìrù, torí rédíò VHF ń lo inú òpó náà fúnra rẹ̀. Okùn tí ọ̀pọ̀ ń ta síbẹ̀ jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ogun.

A bò ó pẹ̀lú fáníìṣì tí kò dán, a gún ṣọ́ọ̀kì eérú àti búráùn sí lẹ́búlẹ́bú, a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fà á láti ẹnu sàlẹ́ńsà lọ sẹ́yìn dé ìdí apá. Kò dúdú: èéfín epo ẹ́ńjìnnì náà máa ń fi eérú tó ń lọ sí búráùn sílẹ̀. A kò bó ọ̀dà kankan láti fi irin hàn, àyàfi díẹ̀ ní ìdí apá òsì, níbi tí awakọ̀ ń gùn kọjá wọlé.

PÁTÁKÓ

Igi ìrókò ni, sẹ̀ǹtímítà 25 sí 25, nípọn 2, tí a fi sáńpépà 1000 parí kí a tó fi fáníìṣì bò ó. Wáyà irin mílímítà 0.8 wọ inú táyà òsì dé inú igi, kí ọkọ̀ má bàa ṣubú. Lórí irin pẹlẹbẹ iwájú rẹ̀ ni a kọ: 91 (NIGERIA) SQUADRON, RAF. SPITFIRE XII EN625. HAWKINGE, KENT, 1943. A kò fi bẹ́bà kọ ọ́, torí bẹ́bà ń gbó nínú ooru wa.

A fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pátákó náà sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan. Mk XIV ló máa jókòó síbẹ̀, RM656, ọkọ̀ Jean Maridor. Ní ọdún 1944, ẹgbẹ́ 91 fi Mk XIV lé bọ́ǹbù afòfúnra V-1, wọ́n sì já 189 nínú wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ, Maridor rí ọ̀kan tó ń já bọ̀ sí ilé ìwòsàn ní Benenden, ní Kent. Ó sún mọ́ ọn, ó yìnbọn, bọ́ǹbù náà bú gbàù, ó sì gba apá ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 23 ni nígbà tó kú, ìgbéyàwó rẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́jọ. Ewé abẹ̀bẹ̀ Mk XIV jẹ́ márùn-ún, imú rẹ̀ gùn ju ti XII lọ, apá rẹ̀ kò gé, rédíétọ̀ abẹ́ apá méjèèjì sì jinlẹ̀. Láti ìdí férémù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.